Ẹni Tó Kúnlẹ̀ fún Dókítà Olúsànmí

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹwàá, Justin Coyle wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jókòó sí Manhattan níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n, ó ń fi eyín funfun rẹ́rìn-ín, ó ń ṣàlàyé fún gbogbo ayé bí Ọlọ́run ṣe fún un ní apá tó ń ju bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, jìnnà. Ní àsìkò yẹn gan-an, orúkọ rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà kan ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wexcombe ní Bronx, ó ń ṣe ìdánwò ìṣirò, ó sì ń gba ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ju ẹ̀pà sẹ́nu. Bẹ́ẹ̀, Justin kò lo ìwé ìṣirò náà fún nǹkan kan rí ju pé kó gbé ife kọfí lé e.

Àṣírí náà kò tú títí di oṣù Kejìlá, nígbà tí olùkọ́ ìṣirò, tí kì í wo bọ́ọ̀lù, ṣèèṣì rí fídíò náà nílé onírun. Kódà kọ́lẹ́ẹ̀jì tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju ìwé lọ kò lè díbọ́n mọ́. Ẹnì kan ló ṣe ìdánwò fún Justin. Ta ni?

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kò pẹ́ kó tó rí ẹni tó wù ú. Jubril Gàníyù ni, ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí sí Morris Heights ní Bronx, tó wà nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan náà, àmọ́ tó fara pa, tí kò bá wọn gbá ìdíje kankan ní sáà yìí. Káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìkàwé àwọn eléré ìdárayá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹlẹ́rìí sì wà. Dókítà Solomon Olúsànmí, ọ̀gá yàrá ìkàwé ọ̀hún, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fi ojú ara òun bá ọmọ náà nídìí kọ̀ǹpútà. Kí ló dé tí kò sọ ọ́ láti oṣù Kẹwàá? Ó ní ọmọ náà bẹ òun, àánú sì ṣe òun. Aláàánú ni Dókítà Olúsànmí, ó sì fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

*

"Ọ̀la ni wọ́n máa jókòó lé e lórí, Àǹtí Àpèkẹ́." Sàúdátù, ìyá Jubril, ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ tó fi ń tọ́jú àwọn arúgbó, kò ráyè bọ́ ọ. "Tí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọ́n á lé e. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti lọ nìyẹn. Wọ́n á tún kọ ọ́ sára ìwé ẹ̀ pé oníjìbìtì ni. Ilé ìwé wo ló máa gbà á lẹ́yìn ìyẹn?"

Àpèkẹ́ Lájídé fetí sí i. Ó ń mu tíì. Obìnrin tó ń gbé ní Jamaica ní Queens yìí ti fi ìgbà pípẹ́ ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ insúráǹsì kan, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa wá àwọn tó ní ọrùn àwọn ti yẹ̀ tí wọ́n sì ń jó nínú fídíò ìgbéyàwó ọmọ wọn. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi. Ohun tí iṣẹ́ yẹn kọ́ ọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó ń parọ́ máa ń sọ ju ohun tí wọ́n bi í lọ, pàápàá tó bá fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀. Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì gba ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn láyè láti mú agbẹnusọ kan wá. Òun ni Sàúdátù mú.

"Mo ka òfin wọn nínú ọkọ̀ ojú irin," ló wí níkẹyìn. "Ó dùn ún kà. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ṣe ìdánwò fún Justin, gbogbo ìdíje tí Justin gbá lẹ́yìn ẹ̀ ti di òfo, ife ẹ̀yẹ tí wọ́n gbà ní sáà yìí á sì padà síbi tó ti wá. Tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ṣe é, tí Justin ò sì mọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yẹn nìkan ló máa jìyà."

"Justin ní òun ò mọ̀," ni Jubril wí. Èdè Yorùbá rẹ̀ tẹ́jú bí títì ọlọ́dà, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. "Ó ní òun gbàgbé pé ìdánwò wà."

"Ó gbàgbé, ó sì yege. Irú orí wo nìyẹn! Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ sì jẹ́ ẹni tí kò gbá ìdíje kan ṣoṣo ní sáà yìí, tí lílé e kò ní dín nǹkan kan kù nínú ife wọn. Ẹ ò rí i bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe mọ ibi tó yẹ kó bà sí?" Ó gbé ife tíì kalẹ̀. "Jubril, níbo lo wà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn?"

"Ilé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ sí orúnkún mi."

"Ta ló rí ẹ?"

"Kò sí. Mọ́mì wà níbi iṣẹ́. Wálláì, Àǹtí, mi ò ṣe é."

Bó ṣe ń sọ "ilé," ojú rẹ̀ sáré lọ bá ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì gòkè lọ fọwọ́ kan fìlà onírun àgùntàn tó dé bo etí. Àpèkẹ́ rí méjèèjì. Ẹ̀rọ amúlégbóná ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àpèkẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń làágùn.

"Òtútù ń mú ẹ ni?"

"Ẹ bá mi bi í!" ni Sàúdátù wí. "Fìlà yẹn ò kúrò lórí ẹ̀ mọ́. Ó tún ń dé e sùn."

"Sìn mí dé ìsàlẹ̀, Jubril."

Nígbà tí wọ́n dé ojú pópó, Àpèkẹ́ dúró. "Ṣí i."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ṣí i kí n tó pe ìyá ẹ."

Ó ṣí i. Irun dírẹ́ẹ̀dì bíi ti dàda wà níbẹ̀, tínínrín-tínínrín, ó dúró ṣánṣán bí ẹni pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

"Harlem ni mo lọ lọ́jọ́ yẹn," ni Jubril wí. "Wọ́n ń ṣe é ní ẹ̀dínwó. Mọ́mì ní tí òun bá rí irú ẹ̀ lórí mi, kí n wá ilé míì."

"Wọ́n fẹ́ lé ẹ nílé ìwé, ìwọ ń bo irun mọ́lẹ̀!"

"Àǹtí, ẹ ò mọ Mọ́mì ni."

Àpèkẹ́ mọ̀ ọ́n. Ó yí ìbéèrè padà. "Káàdì ìdánimọ̀ ẹ ńkọ́?"

"Tá a bá yá kọ̀ǹpútà ní yàrá ìkàwé, a máa ń fi káàdì dógò. Mo fi tèmi sílẹ̀ kí n tó fara pa, mi ò padà lọ gbà á."

"Ọwọ́ ta ló wà?"

"Inú dúrọ́ọ̀ Dókítà ni wọ́n máa ń kó o sí."

*

Aminah onírun, ọmọ Èkó tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Harlem, wo fọ́tò Jubril, ó rẹ́rìn-ín.

"Mo mọ̀ ọ́n! Orí yẹn le."

"Ọjọ́ wo ló wá?"

"Àǹtí, orí ni mo máa ń rántí, mi ò kí ń rántí ọjọ́."

"Kò sí bó o ṣe lè mọ̀ ọ́n? Kò san án pẹ̀lú káàdì?"

"Kéèṣì ni. Oṣù Kẹwàá ni, ìyẹn dá mi lójú. Ọjọ́ wo nínú ẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀."

Àpèkẹ́ mí kanlẹ̀. Ohun tó tìtorí ẹ̀ gun ọkọ̀ wá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí Aminah tún sọ̀rọ̀.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Irin ni wọ́n dè mọ́ ọn láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Kò ká rárá. Ó nà án síta gbọọrọ báyìí, oníbàárà kan fẹsẹ̀ kọ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí sọlẹ̀. Nígbà tó fẹ́ dìde, èmi àti Shukurat tá a jọ ń ṣiṣẹ́ la gbé e bí ẹni gbé fíríìjì."

Àpèkẹ́ padà wá jókòó.

"Tún ìyẹn sọ fún mi," ló wí.

*

Kóòṣì Nathan Brill, tó ń kọ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Wexcombe, gba Àpèkẹ́ lálejò níwájú ife ẹ̀yẹ. Ó jọ pé ibẹ̀ ló ti máa ń gba gbogbo àlejò. Ife náà wà nínú àpótí onígíláàsì tí iná wà lókè rẹ̀, kóòṣì sì dúró sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà á ti kan òun náà díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé pápá tó kún fọ́fọ́ ló ń gbọ́ ọ.

"Ọmọ dáadáa ni. Ó ṣe mí láàánú. Àmọ́ òfin ni òfin."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un nígbà yẹn?"

"Èmi ni mo wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ẹ̀! Mo mọ eegun gbogbo ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀pá wà lábíyá ẹ̀, lífíìtì wà nílé yẹn. Kí ló máa ní kó má lè dé yàrá ìkàwé?"

Òótọ́ ló sọ, ó sì dun Àpèkẹ́ pé òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ nìkan kò tíì gba ọmọ náà sílẹ̀.

"Ṣé ẹ ti bá Dókítà Olúsànmí sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ yìí?"

"Èmi àti ẹni yẹn?" Kóòṣì fi imú rẹ́rìn-ín. "Kò wo ìdíje wa kan rí. Ó ní ariwo pápá kò yẹ ọ̀mọ̀wé. Orúkọ àwọn tó fara pa la máa ń fi ránṣẹ́ sí i, mi ò rò pé ó máa ń bi ara ẹ̀ pé ibo ló dùn wọ́n. Àmọ́ ó fẹ́ràn ife o! Tí ife bá ti dúró, wọ́n ti ṣèlérí pé òun ni wọ́n máa fi ṣe igbákejì ààrẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì."

"Ẹ ṣeun gan-an, Kóòṣì," ni Àpèkẹ́ wí. Ó dúpẹ́ ju bí kóòṣì ṣe rò lọ.

*

Orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Dókítà Olúsànmí gùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kọ ọ́ ní ìlà mẹ́ta: ọ̀mọ̀wé, olóyè, ọ̀gá àgbà. Nínú ọ́fíìsì, ìwé ẹ̀rí wà lára ògiri, fọ́tò ìgbà tí wọ́n ń fún un ní ìwé ẹ̀rí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwòrán ọ̀dà tí ẹnì kan yà láti ara fọ́tò yẹn sì wà lẹ́yìn àga rẹ̀. Àga àlejò kéré sí tirẹ̀. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbójú sókè kó tó lè rí Dókítà.

Àpèkẹ́ gbójú sókè. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóyè."

"Dókítà Olóyè," ni Solomon Olúsànmí wí pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ẹ má bínú, Dókítà Olóyè. Mo ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní ọmọ náà bẹ̀ yín. Ó yà mí lẹ́nu. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí yìí, ṣé wọ́n tún mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà ni?"

Àpèkẹ́ kò retí pé kó yá tó bẹ́ẹ̀. Dókítà ti dìde.

"Ìyáàfin Lájídé, wọn ò mọ̀ ọ́n! Ọwọ́ ni wọ́n máa ń jù sí mi: 'Hai, Dọ́ọ̀kì.' Dọ́ọ̀kì! Àmọ́ níwájú tèmi, ohun tí bàbá wọn kò kọ́ wọn máa ń ta jí nínú wọn. Ilẹ̀kùn wà láàárín ọ́fíìsì yìí àti yàrá ìkàwé, ẹ̀ ń wò ó. Ibẹ̀ ni mo gbà yọ sí i. Bó ṣe gbójú tó rí mi, ó fò dìde lórí àga. Gbì! Ó ti kúnlẹ̀."

"Ó kúnlẹ̀?"

"Lórí orúnkún méjèèjì! Mo ní, 'Dìde.' Kò dìde. Ó ń fi orúnkún rìn bọ̀ láàárín àga, ó dì mọ́ bàtà mi. Ó ní, 'Ẹ̀yin ni bàbá mi.' Omi lé ròrò sí mi lójú."

"Ẹ̀yin náà! Orúnkún méjèèjì, lórí ilẹ̀ líle yẹn?"

"Méjèèjì. Mo wá gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní, 'Lọ, má dẹ́ṣẹ̀ mọ́.'"

"Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá lọ?"

"Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sáré jáde. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ bó ṣe ń fò sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn."

"Kò gbé nǹkan míì lọ́wọ́?"

"Kí ló tún fẹ́ gbé?"

"Kò lè jẹ́ pé ẹlòmíì wà níbẹ̀, tí ẹ ò kíyè sí i?"

Ìbéèrè yìí bí i nínú díẹ̀. "Èmi kí n má kíyè sí i? Èmi àti òun nìkan ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ lọ wò ó lórí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ìta: káàdì kan ṣoṣo ló ṣí i lọ́sàn-án yẹn. Ẹnikẹ́ni mìíràn kò wọlé."

"Mo gbà yín gbọ́," ni Àpèkẹ́ wí, ó sì dìde. "Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa sọ ọ́ lọ́la?"

"Ọ̀la," ni Dókítà Olóyè wí, ó ń tún táì rẹ̀ ṣe, "n óò sọ ọ́ dáadáa jù báyìí lọ."

*

Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán bíi bàtà rẹ̀, ó sì fi omijé ọmọ náà kún un. Ó ṣàlàyé fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Susan Whitlock, alága ìgbìmọ̀, ohun tí ìkúnlẹ̀ túmọ̀ sí lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa, débi pé alága náà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Jubril jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, fìlà lórí, ó ń wo Dókítà bí ẹni ń wo ẹni tó ń rọ́ àlá. Justin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò mọ nǹkan kan, ó sì hàn lójú rẹ̀.

"Ìyáàfin Lájídé," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Susan wí, "ṣé ẹ ní ìbéèrè?"

"Díẹ̀ ni. Dókítà Olóyè, orúnkún méjèèjì?"

"Méjèèjì, mo ti sọ."

"Ó fi wọ́n rìn wá bá yín, lẹ́yìn náà ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn?"

"Bí àgbọ̀nrín."

Àpèkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó fa ohun kan yọ látinú báàgì ọ̀rá tó gbé wá, ó gbé e lé orí tábìlì. Ó dún gbàgà. Irin gígùn méjì ni, pẹ̀lú awọ àti ìdè, tó gùn láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀.

"Kóòṣì Brill, ẹ jọ̀wọ́, kí nìyí?"

Kóòṣì, tó ti ń wo fóònù rẹ̀, gbójú sókè. Ó dùn mọ́ ọn pé wọ́n bi í ní ohun tó mọ̀. "Ti Jubril ni. Wọ́n dè é mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n tì í pa ni, kí orúnkún má baà ká. Gbogbo oṣù Kẹwàá ló fi wà nínú ẹ̀."

"Ṣé èèyàn lè kúnlẹ̀ nínú ẹ̀?"

"Kúnlẹ̀? Kò lè wọ táksí tí wọn ò bá tì í sí ẹ̀yìn bí pákó! Ọ̀pá méjì ló fi ń..."

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ. Ó pa á dé. Ó ti pẹ́ jù.

Àpèkẹ́ gbé ìwé ilé ìwòsàn tó ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà fún alága, ó sì ti irin náà díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ Dókítà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà Olóyè, ẹ bá wa wọ̀ ọ́, kí ẹ wá kúnlẹ̀ bó ṣe kúnlẹ̀."

"Ó... ó lè jẹ́ pé ó bọ́ ọ kí ó tó kúnlẹ̀."

"Ó bọ́ irin kúrò lára orúnkún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, ó fi orúnkún náà rìn nílẹ̀, ó wá fò sọ̀ kalẹ̀ bí àgbọ̀nrín? Ọ̀pá ẹ̀ méjèèjì ńkọ́? Nínú gbogbo ohun tí ẹ rí lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò rí ọ̀pá."

"Ó lè jẹ́ pé ìrántí mi..."

"Ìrántí yín ò ní àrùn kankan. Ẹni tó ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó fara pa, kò yàtọ̀ lójú yín. Ẹ kàn mọ̀ pé ọmọ yìí kò gbá bọ́ọ̀lù ní sáà yìí. Ẹ ò béèrè ibo ló dùn ún. Ẹ wá ní láti sọ ìdí tí ẹ fi dákẹ́ fún oṣù méjì, ẹ sì sọ pé ó bẹ̀ yín. Ká ní ibẹ̀ lẹ dúró, kò sí ohun tí mo lè ṣe. Àmọ́ ẹ ò lè fojú inú wo ọmọ tó dúró lórí ìdúró níwájú yín."

Dókítà tún táì rẹ̀ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́.

"Ó ku ẹyọ kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Àpèkẹ́ wí fún alága. "Káàdì kan ló ṣí ilẹ̀kùn ìta, inú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì Dókítà ni káàdì yẹn sì ti wà láti ìgbà tí ọmọ yìí ti yá kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀kùn kejì wà, inú ọ́fíìsì Dókítà ló sì gbà. Ẹnu òun fúnra ẹ̀ ló fi sọ pé ẹni méjì péré ló wà nínú yàrá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó kúnlẹ̀ kò sí. Ta ló wá kù nídìí kọ̀ǹpútà?"

Gbogbo ojú yí sí Dókítà Olúsànmí. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ kí gbogbo ojú máa wo òun bẹ́ẹ̀.

*

Ìgbìmọ̀ kò pẹ́ rárá. Wọ́n dá Jubril láre. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró. Wọ́n pa gbogbo ìdíje tí Justin gbá lẹ́yìn ìdánwò náà rẹ́, wọ́n ní kí kóòṣì lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi pè é, wọ́n sì ní kí Dókítà fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì rẹ̀ sílẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu alága, òṣìṣẹ́ méjì ti gbé ife ẹ̀yẹ kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé e ní ìdojúdé. Justin béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ń lọ fọ̀ ọ́ ni.

Sàúdátù àti ọmọ rẹ̀ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dókítà Olúsànmí ló kọ́kọ́ jáde, Àpèkẹ́ sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì ọ̀rá. Jubril rí i. Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì, àyà kan ilẹ̀, orúnkún tó ti san náà kan ilẹ̀.

Dókítà dúró. Ojú rẹ̀ tó ti rẹ̀ tún tàn. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè fúnra rẹ̀, ó na ìka sí orí ọmọ náà. "Dìde, ọmọ mi, mo ti dárí jì..."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi, Dókítà Olóyè," ni Àpèkẹ́ wí, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó fọwọ́ kan èjìká Jubril. "Dìde, Jubril. Wàá jẹ èrè ìwé ẹ."

Jubril dìde. Fìlà kò dìde pẹ̀lú rẹ̀.

Sàúdátù wo ilẹ̀, ó wo fìlà, ó wá gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé orí ọmọ rẹ̀.

"Jubril! Kí ni mò ń wò yìí?"

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé... Àǹtí Àpèkẹ́! Àǹtí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n!"

Àpèkẹ́ ti dé ẹnu ọ̀nà. Kò wẹ̀yìn.

"Ní ti ẹjọ́ yìí, ìwọ lo jẹ̀bi," ló wí. "Kúnlẹ̀."